Iná wo ló bá aago iṣẹ́ yín mu? Ìfiwéra fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé ní Ilé-Ifẹ̀

Bí ènìyàn bá ríṣẹ́ tí wọ́n ní kó máa ṣe láti ilé, tábìlì, àga tó ń yí àti láptọ́ọ̀pù tuntun ló máa ń kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, ẹ̀báà gbé Mayfair, ẹ̀báà gbé Ìrẹ̀mọ, iná ló ń yọ ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ lè jókòó sórí àpótí ṣiṣẹ́ fún oṣù kan gbáko kí ọ̀gá yín ní Toronto má mọ̀. Bí iná bá lọ lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìpàdé kan ṣoṣo, yóò mọ̀.

Nítorí náà, iná ni mo fẹ́ fi wéra níbí. Ọ̀nà márùn-ún ló wà tí àwọn ènìyàn ń gbà: kí wọ́n gbára lé iná NEPA pẹ̀lú àtìlẹ́yìn kékeré, kí wọ́n ra jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n ra ínfátà (inverter, ẹ̀rọ tó ń sọ iná inú bátìrì di iná ilé) pẹ̀lú bátìrì olómi, kí wọ́n ra ínfátà pẹ̀lú bátìrì lithium àti sólà, tàbí kí wọ́n ra àpótí iná tó ṣeé gbé kiri. Kò sí èyí tó dára fún gbogbo ènìyàn nínú wọn, ọ̀tọ̀ sì ni èyí tí olówó ń ná owó lé lórí, ọ̀tọ̀ ni èyí tí iṣẹ́ nílò.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Aago iṣẹ́ yín ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹni tó ń bá àwọn ará London ṣiṣẹ́, aago kan náà ni àwa àti wọn ń lò láti ìparí oṣù kẹta títí di ìparí oṣù kẹwàá. Lẹ́yìn ìyẹn, wákàtí kan péré la fi ń ṣíwájú wọn. Iṣẹ́ ojúmọmọ niṣẹ́ onítọ̀hún. Ẹni tó ń bá New York ṣe kò rí bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ wọn jẹ́ aago méjì ọ̀sán tiwa nígbà tí wọ́n bá sún aago wọn síwájú, ó sì jẹ́ aago mẹ́ta nígbà òtútù. Aago mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá alẹ́ ló máa tó dìde nídìí iṣẹ́. Ti California ló wá le jù. Ìgbà tí àwọn ará ilé yín bá ń dáná alẹ́ ni wọ́n ń ṣí ọ́fíìsì, ó sì di aago kan tàbí méjì òru kí wọ́n tó fi yín sílẹ̀.

Àwọn tó ń ta ínfátà kì í bi yín ní ìbéèrè yìí. Yàrá mélòó lẹ ní? Fíríìjì ńkọ́? Tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? Ohun tí wọ́n ń bèèrè nìyẹn, wọ́n á sì ta ohun tó lè gbé gbogbo ilé fún ẹni tó jẹ́ pé orí tábìlì kan ló ń wá iná sí.

Lẹ́yìn aago, ẹ ṣírò wáàtì. Ẹ yí ṣájà láptọ́ọ̀pù yín wò. 45W tàbí 65W ló sábà máa ń wà lára rẹ̀. Ká fi í sí 60W. Ráútà ń jẹ bíi 10W, gílóòbù LED 10W, fáànù onídùúró bíi 60W. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 140W. Bí ẹ bá lò ó fún wákàtí mẹ́jọ, 140 lọ́nà mẹ́jọ, 1,120Wh (wáàtì-wákàtí) ni. Ínfátà fúnra rẹ̀ a máa jẹ tirẹ̀ lára iná tó ń gbé jáde, nítorí náà ẹ pè é ní 1,300, ìyẹn yúnítì NEPA kan (1,000Wh) àti díẹ̀ lójúmọ́. Iṣẹ́ tó ń mú dọ́là wọlé fún yín kò jẹ iná ju ìyẹn lọ! Ẹ tún wo fáànù yẹn dáadáa: òun nìkan ń jẹ tó láptọ́ọ̀pù. Fáànù oníbátìrì tó ń jẹ bíi 20W lè dín ìnáwó bátìrì yín kù ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníléésà ni kí ẹ yọ kúrò pátápátá. Bó bá ń gbóná láti tẹ ewé kan ṣoṣo, ó lè fa wáàtì tó kọjá 500 lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìkẹta ni wákàtí tí NEPA ń fún yín. IBEDC ló ń pín iná fún wa ní Ọ̀ṣun, wọ́n sì pín àdúgbò sí ìpele márùn-ún, láti Band A tó yẹ kó rí ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, títí dé Band E tó jẹ́ wákàtí mẹ́rin. Àmọ́ ohun tó wà lórí ìwé ọ̀tọ̀, ohun tó wà nínú gílóòbù ọ̀tọ̀. Ẹ mú bírò, kí ẹ kọ ìgbà tí iná ń dé àti ìgbà tó ń lọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kankan. Ìwé yẹn ni yóò sọ irú bátìrì tí ẹ máa rà, ẹ ó rí i níwájú.

Ìkẹrin, ṣé ilé yín ni àbí ẹ yá a? Ayálégbé tó gun òrùlé lọ so páńẹ́ẹ̀lì mọ́ páànù onílé láìtọrọ àyè ń wá ẹjọ́.

NEPA pẹ̀lú àtìlẹ́yìn kékeré

Èyí ló wọ́n kéré jù, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í sì í rántí rẹ̀. Bí iná bá lọ lójijì, láptọ́ọ̀pù kì í kú, torí bátìrì wà nínú rẹ̀. Ráútà ló ń kú. Ẹ ń sọ̀rọ̀ lọ nínú ìpàdé, ojú ẹni tó wà lódì kejì dúró gbagidi pẹ̀lú ẹnu ní lílà, àwọn iná kéékèèké ara ráútà ti pa. Kódà bí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀ lójú ẹsẹ̀, ráútà yẹn máa ń lo ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó tún rí netiwọ́ọ̀kì.

UPS kékeré tó ń gbé 12V jáde ló wo àrùn yìí sàn. Kò tóbi ju ìwé àdúrà lọ. Ẹ óò kì í sáàárín ráútà àti iná, yóò sì gbé ráútà fún wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí iná bá lọ. Ẹ wò ó kí ẹ tó rà pé iye vólítì tí ráútà yín ń lò (9V ni tàbí 12V) bá ti UPS náà mu. Ẹ fi páwà bánkì tó lè gba agbára sínú láptọ́ọ̀pù nípa ojú USB-C kún un, ó parí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo páwà bánkì ló lè ṣe é. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ 65W sí lára, kì í ṣe èyí tí wọ́n kàn kọ mAh (iye iná tó lè kó pamọ́) ńláńlá sí.

Ẹni tí iná rẹ̀ máa ń lọ fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta kó tó dé, kí ló tún ń wá? Owó iná fúnra rẹ̀ ò ga. Nígbà tí wọ́n gbé owó Band A sókè ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ₦225 ni wọ́n fi yúnítì kan sí, wọ́n sì dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí a bá tilẹ̀ fi ₦225 yẹn ṣírò, iná iṣẹ́ yín lójúmọ́ kò tó ₦300. Ẹ fi nọ́ńbà yìí sọ́wọ́, a ó nílò rẹ̀ láìpẹ́.

Ẹni tí iná rẹ̀ ń lọ láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀nà yìí kò ní tó o.

Jẹnẹrétọ̀

Jẹnẹrétọ̀ kékeré, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní "I better pass my neighbour", ṣì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ilé. Ìwọ̀nba owó ló ń gbé e wálé, gbogbo mẹkáníìkì ló mọ inú rẹ̀, bó sì ṣe ń dún, ọ̀rọ̀ iná parí. Wàhálà rẹ̀ wà lẹ́nu epo.

Ká ní ó ń mu bíi lítà 0.6 ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́jọ á sún mọ́ lítà márùn-ún. Bí lítà bá jẹ́ ₦900, ₦4,500 lójúmọ́ nìyẹn, láì ka ọ́ìlì tí wọ́n ń pò mọ́ epo rẹ̀ àti púlọ́ọ̀gì. Ọjọ́ iṣẹ́ méjìlélógún lóṣù, ó ti di ₦99,000. Ẹ wo ₦300 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wo ₦4,500. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, mi ò rí bí ẹnì kan ṣe lè fi jẹnẹrétọ̀ ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ kó sì sọ pé òun ń jèrè, àfi bí owó oṣù rẹ̀ bá pọ̀ gan-an.

Owó nìkan kọ́. Iná tí irú ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀ ń gbé jáde kì í dúró sójú kan, ṣájà láptọ́ọ̀pù ló sì ń jìyà rẹ̀. Ẹ má lò ó láìsí sítábíláísà. Ariwo rẹ̀ ń wọnú ìpàdé. Fún oníṣẹ́ òru, ẹ bi ara yín léèrè irú aládùúgbò tó máa gbà kí jẹnẹrétọ̀ dún létí fèrèsé òun di aago méjì òru. Olè sì ń bọ̀, ojo sì ń bọ̀; àwọn kan á wá gbé e wọ kọ́rídọ̀, wọ́n á ti ilẹ̀kùn. Ẹ má dán ìyẹn wò láéláé. Èéfín rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró kan nínú tí kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Ìta gbangba, tó jìnnà sí fèrèsé, ni ibùgbé rẹ̀.

Ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti wúlò fún mi lónìí ni bí ohun àpamọ́: nígbà tí tíráńsífọ́mà àdúgbò bá bú, tí wọ́n ní ká máa dá owó jọ, tí kò sì sí oòrùn. Ẹ tàn án fún wákàtí méjì láti fi sáàjì bátìrì, kí ẹ pa á.

Ínfátà pẹ̀lú bátìrì olómi

Ibí yìí ni àwọn oníṣòwò ti ń rí ènìyàn mú, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

Bátìrì 12V tó jẹ́ 200Ah ni wọ́n sábà máa ń fi lọ̀ yín, yálà olómi tí wọ́n ń pè ní tọ́búlà, tàbí èyí tí wọ́n ń pè ní dry cell, tí a kì í bu omi sí. Lórí ìwé, 12 lọ́nà 200, ó gba 2,400Wh. Ṣùgbọ́n irú bátìrì yìí kì í fẹ́ kí ènìyàn lò ó kọjá ìdajì. Bí ẹ bá ń fa á gbẹ lójoojúmọ́, kò ní pẹ́ kú. Ìdajì 2,400 jẹ́ 1,200. Iṣẹ́ yín pẹ̀lú fáànù ń jẹ 1,300. Nítorí náà bátìrì kan kò tó, àfi kí ẹ dín fáànù kù tàbí kí NEPA bá yín gbé díẹ̀ lójú iṣẹ́.

Ohun tí wọn kì í sọ rárá ni bó ṣe ń gba iná pẹ́ tó. Bátìrì olómi kì í kánjú. Bí ẹ bá lò ó dé ìdajì, ó lè gba wákàtí mẹ́fà, mẹ́jọ, kó tó kún dáadáa, wákàtí tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀ ló sì ń lọ díẹ̀díẹ̀ jù. Ẹni tí NEPA ń fún ní wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, bátìrì rẹ̀ kò ní kún láéláé. Bátìrì olómi tí kò bá ń kún a máa bà jẹ́ nínú. Láàárín ọdún kan, ohun tó ń gbé wákàtí mẹ́jọ tẹ́lẹ̀ á wá máa gbé méjì, wọ́n á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Nígbà mìíràn ayédèrú ni lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ebi ló pa á.

Nítorí náà, ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà yí orí padà: ẹni tí iná rẹ̀ burú jù, tí kò sì ní sólà, òun gan-an ni kò gbọdọ̀ ra bátìrì olómi. Ẹni tó bá bátìrì olómi mu ni ẹni tó ń rí iná wákàtí méjìlá sókè, tó kàn fẹ́ kí nǹkan dì í mú ní àwọn wákàtí tó kù. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, owó tó ń fi sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kéré sí ti lithium dáadáa, oníná tó wà ní Sábó tàbí Lágéré sì mọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe.

Ó ní ìtọ́jú o. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹ ṣí àwọn ìdérí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà orí rẹ̀, kí ẹ wo ibi tí omi dé. Omi bátìrì tí wọ́n ń tà nínú ike ni kí ẹ fi kún un, kì í ṣe omi kànga, kì í ṣe pọ̀wọ́tà. Bí ẹ bá rí ohun funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó ń hù bí ebu létí irin tí wáyà so mọ́, ẹ jẹ́ kí oníná tú u, kó fọ̀ ọ́, kó fi gíríìsì pa á. Ẹ má gbé e sínú yàrá tí ẹ ń sùn, torí bó bá ń gba iná, ó ń tú afẹ́fẹ́ tó lè gbiná jáde. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè bóyá ínfátà náà jẹ́ pure sine wave, ìyẹn èyí tí iná rẹ̀ ń jáde geere bíi ti NEPA. Èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí fáànù kùn bí oyin, ó sì ń mú ṣájà gbóná.

Bátìrì mọ́tò kò sí lára ohun tí à ń sọ. Wọ́n ṣe é láti ta mọ́tò jí ni, wọn ò ṣe é fún iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ.

Lithium pẹ̀lú sólà

Owó gọbọi ló ń gbà ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tó sì ń dá ènìyàn padà nìyẹn. Àmọ́ ẹ fi ojú iṣẹ́ wò ó. Bátìrì lithium, irú èyí tí wọ́n ń pè ní LiFePO4, ẹ lè lo ìdá mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀ láìṣe é léṣe. Èyí tó jẹ́ 24V 100Ah gba bíi 2,560, ó sì lè fún yín ní 2,000 sókè. Ìyẹn gbé iṣẹ́ ọjọ́ kan pẹ̀lú fáànù, ó tún ṣẹ́kù. Ó ń gba iná kíákíá bí ṣájà rẹ̀ bá lágbára, nítorí náà wákàtí mẹ́ta NEPA lè tó o. Kò nílò omi. A sì ń retí kó gba iná kó sì tú u sílẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà, nígbà tí olómi ń ka tirẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Àléébù rẹ̀ kan ni pé kì í kìlọ̀ bíi ti olómi. Olómi a máa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lithium á dáa, á dáa, ohun tó ń ṣọ́ ọ nínú á sì gé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ojú tó ń fi iye tó kù hàn kún un. Èkejì, àwọn kan ń kó ohun inú bátìrì àlòkù jọ sínú àpótí tuntun, wọ́n ń tà á bí tuntun. Ẹ ra níbi tí wọ́n máa fún yín ní rìsíìtì àti ìwé wáráńtì, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n dán an wò lójú yín pẹ̀lú ẹrù gidi.

Sólà ńkọ́? Páńẹ́ẹ̀lì kan tó jẹ́ 550W, bí oòrùn bá mú, lè fún yín ní nǹkan bíi yúnítì kan àbọ̀ lójúmọ́ nílẹ̀ yìí. Ó ju iná iṣẹ́ yín lọ. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ tí ojú ọ̀run máa ń ṣú, ẹ má gbójú lé ju ìdajì rẹ̀ lọ, nítorí náà páńẹ́ẹ̀lì méjì ló fọkàn balẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku á bò ó pátá. Ẹ fi omi àti aṣọ rírọ̀ nù ún ní ìdájí kó tó gbóná.

Ibí ni aago iṣẹ́ ti tún dé. Oníṣẹ́ London ń ṣiṣẹ́ nígbà tí oòrùn wà lókè, páńẹ́ẹ̀lì ló ń gbé e ní tààrà, bátìrì rẹ̀ lè kéré. Oníṣẹ́ New York ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀. Ohun tí páńẹ́ẹ̀lì kó jọ kí ó tó di aago mẹ́ta ló máa jẹ dé òru. Òun, inú bátìrì ni kó kó owó sí. Páńẹ́ẹ̀lì mẹ́rin pẹ̀lú bátìrì kékeré kò ṣe é láǹfààní kankan.

Àpótí iná tó ṣeé gbé kiri

Èyí ni àpótí kan tí ínfátà, bátìrì àti ṣájà wà nínú rẹ̀ pọ̀. Kò sí pé à ń pe oníná, kò sí pé à ń lu ògiri. Bí onílé bá fi kún owó ilé, ẹ gbé àpótí yín, ó di ilé kejì. Fún iye agbára kan náà, ó sábà máa ń wọ́n ju kí ènìyàn to ti ara rẹ̀ lọ, bí ohun kan bá sì bà jẹ́ nínú rẹ̀, kì í ṣe gbogbo oníná ló lè ṣí i. Wh tó wà lára rẹ̀ ni kí ẹ kà, kì í ṣe W. Èyí tó jẹ́ 1,000W ṣùgbọ́n tó jẹ́ 300Wh, ó lè tan ohun ńlá, kò sì ní lè tàn án pẹ́.

Íntánẹ́ẹ̀tì wọ ọ̀rọ̀ yìí níbì kan. Síìmù netiwọ́ọ̀kì méjì tó yàtọ̀ síra tó fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láàárín ìlú. Bí ẹ bá fẹ́ gbé Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì tó dé Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2023, ẹ rántí pé abọ́ rẹ̀ tó wọ́pọ̀ ń jẹ bíi 50W sí 100W, bí irú rẹ̀ bá ṣe rí, ní gbogbo ìgbà tó bá wà ní títàn. Láptọ́ọ̀pù kejì lẹ fi kún ẹrù yẹn, ẹ tún ìṣirò bátìrì ṣe.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tí ìwé ọ̀sẹ̀ méjì rẹ̀ fi hàn pé iná kì í lọ ju wákàtí mẹ́ta lọ léraléra: UPS kékeré àti páwà bánkì 65W. Ẹ fi owó tó kù ra àga gidi, ẹ̀yìn yín á dúpẹ́.

Ẹni tó ń rí iná tó wákàtí méjìlá, tó ń ṣiṣẹ́ ojúmọmọ, tó sì ní ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí láti gbé bátìrì sí: olómi bá a mu, bó bá jẹ́ ẹni tó máa rántí omi. Bí kì í bá rántí, kó má rà á.

Akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní OAU, tó ń gbé self-contain, tí kò mọ ibi tí yóò wà lọ́dún tó ń bọ̀: àpótí tó ṣeé gbé, tó tó 500Wh, pẹ̀lú fáànù kékeré. Láptọ́ọ̀pù, ráútà àti gílóòbù, 80W ni wọ́n. 500Wh á gbé wọn fún wákàtí márùn-ún, NEPA á sì bá a dé ìyókù.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru pẹ̀lú Amẹ́ríkà, tí iná àdúgbò rẹ̀ kò sì níláárí: lithium ni, kò sí èkejì, kó yá owó ẹgbẹ́ tàbí kó san án díẹ̀díẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Kó ra bátìrì àti ínfátà ná, kó máa fi NEPA sáàjì rẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Àmọ́ kó rí i pé ínfátà tó ń rà báyìí ní ojú sólà lára, kó má baà ra òmíràn.

Bí ọkọ àti ìyàwó bá ń ṣiṣẹ́ láti ilé pọ̀, ìlọ́po méjì láptọ́ọ̀pù ni, ṣùgbọ́n ráútà kan, gílóòbù kan àti fáànù kan náà ni bí wọ́n bá lè jókòó sínú yàrá kan. 200W ni gbogbo rẹ̀. Bí wọn kò bá lè jọ jókòó torí ìpàdé, 270W, kí wọ́n sì ra bátìrì tó bá ìyẹn mu.